Anti Sítíárín, Ẹni Tó Gbé Mi Gun Òkè

Ìjà ló gbé Anti Sítíárín wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Akọ̀wé ló wá bá jà. Àwọn tó ń wá sí ọ́fíìsì náà máa ń gbé ọkọ̀ wọn dí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ rẹ̀, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kì í sì í rí ọ̀nà jáde. Mo jókòó sórí àga onírin kan lẹ́bàá ògiri, báàgì mi méjèèjì wà láàárín ẹsẹ̀ mi, mo ń wo bó ṣe ń fọwọ́ gbá tábìlì. Mo ti kọ́ èdè ìlú náà kí n tó wá, ṣùgbọ́n èyí tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ń sáré ju etí mi lọ. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ kò ju “ọkọ̀”, “ẹnu ọ̀nà” àti “ẹ ò nítìjú” lọ.

Ìjọba ìbílẹ̀ ló dá ọ́fíìsì yẹn sílẹ̀ fún àwa tí a ti ilẹ̀ òkèèrè wá ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ agbègbè náà ti ṣí lọ sí àwọn ìlú ńlá, ilé ìwòsàn ò rí nọ́ọ̀sì, ilé iṣẹ́ ò rí jórinjórin, àwọn arúgbó ò rẹ́ni tọ́jú wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè wá. Ètò wọn ni pé kí àlejò kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ìlú kan tí yóò máa mú un rìn, tí yóò fi ọjà hàn án, tí yóò fi ibùdókọ̀ hàn án, tí yóò sì gbà á lọ́wọ́ ìdààmú. Alábàárìn ni wọ́n ń pè wọ́n. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, àlejò ti pọ̀ ju alábàárìn lọ. Akọ̀wé, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan báyìí, jẹ́ kí Anti Sítíárín bínú tán. Ó bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra bi í bóyá ó lè bá wọn mú ọ̀kan.

“Ọ̀kan kí ni?”

Akọ̀wé nawọ́ sí mi.

Obìnrin náà yíjú sí mi. Ó wo báàgì mi, ó wo aṣọ mi, ó wá tẹjú mọ́ bàtà mi. Bàtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà lẹ́sẹ̀ mi, òjò àárọ̀ ọjọ́ náà sì ti rin ín gbingbin. Ó béèrè bóyá bàtà tí mo gbé wá nìyẹn. Mo fi èdè inú ìwé tí mo kọ́ dá a lóhùn, mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá ọlọ́lá, bàtà tí mo mú wá náà nìyí.”

Ó wò mí, ó wo akọ̀wé, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Ta ló kọ́ ẹ lédè? Ṣé bíṣọ́ọ̀bù ni?”

Bó ṣe gbé báàgì mi kan nìyẹn, tó ní kí n gbé èkejì. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó dí i lọ́nà ti kúrò lọ́kàn rẹ̀ pátápátá. Ilé ìtajà bàtà la kọ́kọ́ yà sí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Bíṣọ́ọ̀bù, orúkọ náà sì mọ́ mi lára débi pé bí ó bá pe orúkọ tí àwọn òbí mi sọ mí, mo máa ń rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́ ni.

Ọkọ rẹ̀ ló ń sọ ìtàn rẹ̀ fún mi díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, torí òun fúnra rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Àdúgbò yẹn ni wọ́n bí i sí, kò sì gbé ibòmíràn rí. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akóyanrìn. Ìyá wọn tètè kú, òun sì ni àbíkẹ́yìn, nítorí náà iwájú ọkọ̀ náà ló ti dàgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń yí jíà kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni. Nígbà tó dàgbà, ó wa ọkọ̀ búrẹ́dì, ó wa bọ́ọ̀sì ìlú. Àwọn awakọ̀ ọkùnrin ló sọ ọ́ ní Sítíárín, wọ́n ní ó máa ń di sítíárín mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ̀sí ni wọ́n fi pè é, òun sì gbà á lórúkọ. Ó fẹ́ mẹkáníìkì tó ń tún bọ́ọ̀sì wọn ṣe, ọkùnrin tó ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ ju èèyàn lọ. Ọkọ̀ ògbólógbòó kan tí ọkùnrin náà tú palẹ̀ tó sì tún tò ni wọ́n fi dá ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ìlú náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó ń wakọ̀ ládùúgbò yẹn tí kò ti ọwọ́ rẹ̀ jáde: tíṣà, ọlọ́pàá, pásítọ̀, títí kan àwọn tó ń gbé ọkọ̀ dí i lẹ́nu ọ̀nà.

Ilé ìwòsàn tí mo wá ṣiṣẹ́ sí fún mi ní ibùsùn ní ilé àwọn nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni, torí pé ibẹ̀ kún. Mo gbọ́dọ̀ wá ilé. Ilé tí mo bá fi fóònù béèrè, bí wọ́n bá ti gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń dún, wọ́n á ní ẹlòmíràn ti gbà á. Anti Sítíárín gbọ́ èyí. Ó kàn ní kí n dìde ká lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun.

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí. Ìsàlẹ̀ ilé ló ń gbé tó sì ti ń ránṣọ, yàrá méjì tó wà lókè ti ṣófo láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ tó kẹ́yìn ti lọ sílé ọkọ. A bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tépù wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Anti Sítíárín ní kó gbà mí sí yàrá òkè, kò tilẹ̀ yọ abẹ́rẹ́ náà kó tó ní rárá. Ó ní kì í ṣe pé òun kórìíra ẹnikẹ́ni o, àmọ́ òun ò lè gba ẹni tí òun ò mọ ẹbí rẹ̀ sínú ilé òun.

Anti Sítíárín fà mí sún mọ́ ara rẹ̀. “Ẹbí rẹ̀ rèé. Tó bá ba nǹkan jẹ́, èmi ni kẹ́ ẹ wá mú.”

“Ìwọ?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Ìwọ tí mi ò tíì rí mú nítorí ìkòkò mi tó o fọ́ láti ìgbà tá a wà lọ́mọdé?”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Télọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, abẹ́rẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gún un létè. Mo kó wọlé lópin ọ̀sẹ̀ yẹn.

Mo fẹ́ràn àwọn yàrá náà. Àtẹ̀gùn wọn há débi pé ẹ̀gbẹ́ lèèyàn ń fi gòkè bó bá gbẹ́rù. Ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì ni fèrèsé kan kọjú sí, òórùn búrẹ́dì ló sì máa ń jí mi lárọ̀ dípò aago. Ẹ̀rọ omi ibẹ̀ máa ń húkọ́ bí arúgbó kó tó tu omi jáde. Anti Sítíárín wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná, ó fi ọjọ́ tí àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ń kọjá hàn mí, ó sì mú mi yípo gbogbo ilé ìtajà tó wà ládùúgbò. Ìkíni kan náà ló ń kí wọn ní gbogbo ibẹ̀. Á ní, “Ẹni mi nìyí.” Kò fi nǹkan kan kún un. Ẹ ò lè mọ bí gbólóhùn kékeré yẹn ṣe rí fún ẹni tó ti ilé rẹ̀ jáde tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá wọ ilé oògùn tàbí ìsọ̀ alápatà, ojú tí wọ́n fi ń wò mí yàtọ̀.

Ní ti ìyá onílé mi, oṣù kìíní kò rọrùn. Ó pè mí sísàlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní òun ní ẹjọ́. Mo rò pé ariwo ni mo ń pa. Ó ní rárá o, ẹsẹ̀ mi ló fúyẹ́ jù, òun kì í mọ̀gbà tí mo wọlé, òun á wá jókòó máa dààmú pé bóyá nǹkan ti ṣe mí lọ́nà. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n máa tẹlẹ̀ bí èèyàn.

Ilé ìwòsàn tó gbà mí síṣẹ́ wà láàárín ìlú, àmọ́ iṣẹ́ mi gan-an kò sí níbẹ̀. Agbẹ̀bí ni mí. Nítorí àwọn abúlé orí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ṣe pè mí. Agbẹ̀bí tó ń lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, àwọn aboyún sì ń gbé ikùn ńlá wọ bọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìlú. Obìnrin kan ti bímọ sójú ọ̀nà rí. Ọkọ̀ funfun kékeré tí ilé ìwòsàn yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà wà nínú ọgbà, eruku ti bò ó. Ẹni tí yóò wà á ni kò sí. Ìwé ìwakọ̀ tí mo gbé ti ilé wá kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mo ní láti ṣe ìdánwò tiwọn. Mètírọ́ọ̀nù, ọ̀gá wa, ṣàlàyé fún mi láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ó ní bí mi ò bá yege kí àkókò tí wọ́n fi ń dán mi wò lẹ́nu iṣẹ́ tó parí, a jẹ́ pé wọ́n á gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ìlú mìíràn, wọ́n á sì wá agbẹ̀bí tó ń wakọ̀.

Mo sọ fún Anti Sítíárín. Ó ní ṣé nítorí èyí náà ni mo ṣe fajú ro? Ó ní òun ti kọ́ ẹni tí kò mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí òsì, onítọ̀hún sì ń wakọ̀ dòní.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lẹ́yìn iṣẹ́ mi, nínú ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé pátákó akẹ́kọ̀ọ́ pupa lé lórí. Ní àwọn òpópónà kéékèèké, mo ń ṣe dáadáa. Ó ń yìn mí. Ó wá di ọjọ́ kan, ó ní ká gba ráńdábáòtù ńlá tó wà níbi tí ọ̀nà òkè ti pàdé ọ̀nà márosẹ̀. Bí mo ṣe wọ inú rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan yọ lọ́wọ́ òsì mi, ó ga bí ilé. Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí gbogbo ohun tó yẹ kó wà. Ọkọ̀ wa kú sí àárín títì. Gbogbo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè, èmi sì jókòó síbẹ̀, ọwọ́ mi le bí igi lára sítíárín.

Anti Sítíárín kò pariwo mọ́ mi. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀ wa, ó na ọwọ́ sókè bí ẹni pé òun ló ni ọ̀nà. Wọ́n dúró. Ó padà wá, ó já ọwọ́ mi kúrò níka níka, ó ní kí n sún. Ó wa ọkọ̀ náà lọ sí pápá ńlá tó wà lẹ́yìn gáréèjì bọ́ọ̀sì, ó pa iná rẹ̀.

“Ó yá,” ló wí. “Sọ fún mi.”

Mo sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ nílé. Nígbà tó kọ́ mi tán, kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ akẹ́rù tí bíréèkì rẹ̀ já pa á ní oríta. Mi ò sí níbẹ̀, àmọ́ láti ìgbà náà mi ò fọwọ́ kan sítíárín mọ́ títí mo fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó béèrè orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ ọ́. Ó gbìyànjú láti pè é, ó ṣì í pè, mo tún un pè fún un, ó tún ṣì í, títí ó fi bọ́ sí i lẹ́nu dáadáa. Kò sẹ́ni tó pe orúkọ yẹn sí mi létí láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà.

Ó ní, “Olùkọ́ gidi ni. Mo ti ń wo bó o ṣe ń yí jíà látijọ́, mo mọ̀ pé ẹnì kan tó mọṣẹ́ ló kọ́ ẹ. Èmi kàn ń bá a parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni.”

Mo sunkún nínú ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà, ó sì jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn.

Láti ọjọ́ yẹn ó yí ọ̀nà padà. Fún ìgbà díẹ̀ a ò wakọ̀ lọ sójú títì mọ́. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ọkọ̀ sókè, ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó ní kí n wọ abẹ́ rẹ̀. Ó fi páìpù tí omi bíréèkì ń gbà hàn mí, ó ní kí ìyàwó òun tẹ bíréèkì látinú ọkọ̀ kí n fojú ara mi rí bó ṣe ń di táyà mú. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ mò ń wò ó. Mẹkáníìkì tí kì í sọ̀rọ̀ náà wá sọ fún mi pé òun ló ń yẹ bíréèkì ọkọ̀ yìí wò láràárọ̀, kó tó di pé aya òun gbé ọmọ ọlọ́mọ sínú rẹ̀. Mo gbà á gbọ́, ara mi sì rọ̀ díẹ̀.

Síbẹ̀, mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Olùdánwò ní mo lọ́ra jù, ó ní ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ti kọjá wa, ó tilẹ̀ kí wa. Ní ìgbà kejì, ọkọ̀ akẹ́rù kan wá sẹ́yìn mi, mo sì tẹ bíréèkì lójijì láìnídìí. Mo tún fìdí rẹmi. Mo wọlé lọ́jọ́ náà, mo fi ẹsẹ̀ fúyẹ́ gòkè, ṣùgbọ́n ìyá onílé mi gbọ́. Ó pè mí wá sísàlẹ̀. Kò bẹ̀ mí, kò tù mí nínú, kò sọ pé yóò dára. Ó da abọ́ bọ́tìnnì kan sórí tábìlì, ó ní kí n bá òun ṣa funfun sọ́tọ̀. Mo ń ṣà, ó ń ránṣọ, títí omijé fi gbẹ lójú mi.

Àkókò tí Mètírọ́ọ̀nù fún mi ti fẹ́ tán. Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa sọ fún ọkọ mi, tó wà nílé pẹ̀lú ọmọbìnrin wa, tó ń dúró de ìgbà tí mo máa fìdí múlẹ̀ kí wọ́n tó wá bá mi, pé ìlú mìíràn ló kàn. Èmi ò mọ̀ pé Anti Sítíárín ti lọ sí ilé ìwòsàn. Ó wọ ọ́fíìsì Mètírọ́ọ̀nù láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí wọ́n pe èmi náà.

Mètírọ́ọ̀nù tún gbogbo ohun tó ti sọ fún mi sọ. Ó ní òun mọ̀ pé iṣẹ́ mi dára, ṣùgbọ́n àwọn abúlé kò lè máa dúró.

“Wọn ò ní dúró,” ni Anti Sítíárín wí. “Èmi á máa gbé e lọ. Ọkọ̀ mi, akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ̀kọ́ mi. Ibi tí mo bá fẹ́ ni mo ti lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi, àbí? Orí òkè ni mo fẹ́.”

Mètírọ́ọ̀nù béèrè títí dìgbà wo. Ó ní títí dìgbà tó bá yege. Mètírọ́ọ̀nù wò ó pẹ́, ó wá ní òun náà kọ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà kan, òun sì rántí pé kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn tó ń borí. Bó ṣe gbà nìyẹn.

Ìdí nìyí tí àwọn ará orí òkè fi mọ mí pẹ̀lú ọkọ̀ tí pátákó akẹ́kọ̀ọ́ pupa wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá rí pátákó yẹn lókèèrè, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé agbẹ̀bí ń bọ̀. Àwọn ọmọdé á sáré tẹ̀ lé wa. Ní gbogbo òpópónà tó tẹ́jú, èmi ni mò ń wà á. Bó bá kan ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ tàbí tí ọkọ̀ ńlá bá ń bọ̀ lókèèrè, a máa ń pààrọ̀ ìjókòó. Bí mo bá wọlé lọ yẹ aboyún wò, Anti Sítíárín á jókòó sójúde pẹ̀lú ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó, wọ́n á máa sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tó fi mọ ẹni tó ń ṣe ìlara ẹni ní gbogbo orí òkè yẹn. Ó ń bá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn, torí pé èdè orí òkè tún yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀, wọ́n máa ń gé ìparí ọ̀rọ̀ jẹ. Àwọn obìnrin tí ì bá máa tijú àlejò gbà mí nítorí rẹ̀. Ó pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tì ní ọ̀sán nítorí mi. Mo sọ fún un pé èyí pọ̀ jù. Ó ní afẹ́fẹ́ orí òkè ń ṣe òun lóore, kí n panu mọ́ kí n wo ọ̀nà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú àkókò òjò, wọ́n pè láti abúlé tó jìnnà jù pé ìyàwó ọ̀dọ́ kan ti ń rọbí, oyún rẹ̀ àkọ́kọ́. A gbéra. Ó ku ìdajì ọ̀nà ká dé tá a bá ẹ̀ka igi ńlá kan tó ya dábùú ọ̀nà. Anti Sítíárín bọ́ sílẹ̀, ó ní kí n mú ìdí igi, òun á mú orí. A ń fà á. Bí igi náà ṣe yẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbá òkúta. Mo gbọ́ ìró rẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá: ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti ń wú. Mo fi báńdéèjì dì í mọ́ igi pẹlẹbẹ kan, mo fi síkáàfù mi gbé e kọ́ ọ lọ́rùn.

Ó gbìyànjú láti wọ ìdí sítíárín. Ọwọ́ náà kò lè yí jíà. Ó sún padà sí ìjókòó kejì, ó fi ọwọ́ òsì fa bẹ́líìtì.

Ó ní, “Obìnrin kan ń dúró dè ẹ́.”

Mo wọlé, mo tan ọkọ̀. Ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ ni gbogbo èyí tó kù, òkè lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì, òjò ń da ojú gíláàsì. Ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ jíà tí mo máa lò fún mi, bí ẹni tó ń kọrin fún ọmọ. Ní ibi tí ọ̀nà ti há jù, iná ńlá méjì yọ lókè. Ọkọ̀ akẹ́rù gẹdú ni. Mo gbọ́ tí Anti Sítíárín dákẹ́. Kò sọ pé kí n dúró, kò sọ pé kí n máa lọ. Mo pa ọkọ̀ wa mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè, mo tẹ bíréèkì pẹ̀lẹ́, mo dúró. Ọkọ̀ akẹ́rù náà rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, awakọ̀ rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè kí mi. Mo gbé tèmi sókè kí i. Mo tún ti jíà bọ̀ ọ́, a sì ń lọ. Ó di ìgbà tí a dé ibì kan tó tẹ́jú kí n tó mọ̀ pé omi ń dà lójú mi, tí kì í sì í ṣe omi ìbẹ̀rù.

Ọmọbìnrin ni ìyàwó náà bí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ náà ké dáadáa, ara ìyá rẹ̀ kò fàya rárá. Anti Sítíárín jókòó sí yàrá kejì, ọwọ́ rẹ̀ lọ́rùn, ìyá ọkọ ń fún un ní tíì mu. Nígbà tí mo gbé ọmọ jáde fi hàn wọ́n, ó wò ó, ó wò mí, ó ní èmi àti ọmọ náà la jọ dé lónìí. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú nìyẹn, ó sì ní èéfín ni, bẹ́ẹ̀ kò síná kankan nínú ilé náà.

Egungun ọwọ́ rẹ̀ ti sán. Wọ́n dì í fún un nílé ìwòsàn wa, Mètírọ́ọ̀nù ló sì dúró tì í. Mo lọ ṣe ìdánwò kẹta nígbà tí ọwọ́ náà ṣì wà nínú símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi dì í. Olùdánwò kan náà ni. A gba ráńdábáòtù, a gba ọ̀nà márosẹ̀, a padà. Ó pa bírò rẹ̀ dé, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi láti ìgbà tó rí mi kẹ́yìn. Mo ní mo ti ń lọ sórí òkè ni.

Anti Sítíárín ń dúró lẹ́yìn ọgbà, òun àti ọkọ rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa nítorí ọ̀rọ̀ náà. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi mọ̀. Mẹkáníìkì wá bọ̀ mí lọ́wọ́ títí, ó ní ọkọ̀ náà ti ń sọ ọ́ fún òun láti ọjọ́ pípẹ́ pé mo máa yege. Ìyá onílé mi ní kí n má rò pé nítorí mo ti ní láísẹ́ẹ̀sì ni mo ṣe lè máa wọlé láìjẹ́ kí òun gbọ́.

Mo gba ọkọ̀ funfun náà, mo fọ eruku rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa dé, gbogbo wa sì jọ ń gbé ní yàrá méjì òkè náà. Káfíńtà ni ọkọ mi. Anti Sítíárín ti bá a wáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń kan àga, ẹni tó kọ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí kò sì lè sọ fún un pé òun ò gbà. Ọmọ wa fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Ọdún púpọ̀ ti kọjá báyìí. Orúnkún ti ń yọ Anti Sítíárín lẹ́nu, ó ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọmọ oníbúrẹ́dì tó kọ́ níṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì fi ọ́fíìsì alábàárìn sílẹ̀. Lẹ́yìn mi ó mú jórinjórin kan, ó mú tọkọtìyàwó kan tó ń tọ́jú arúgbó, ó mú dókítà eyín kan tí kò tíì rí òjò dídì rí. Mi ò rántí gbogbo wọn. Bí èèyàn bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á ní òun ò mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ ni òun ń ṣe, òun kàn rò pé onítọ̀hún kò ní bàtà ni.

Ìyá mi ló wá rí bó ṣe yẹ kí wọ́n dúpẹ́. Àgbà ti dé sí i nílé, kò lè rìnrìn àjò, kò sì gbọ́ èdè kankan yàtọ̀ sí tiwa. Ó ní òun fẹ́ bá obìnrin tó gba ọmọ òun sọ̀rọ̀, lójúkojú, lórí fóònù. Mo sọ fún Anti Sítíárín. Ẹni tí kò bẹ̀rù ọkọ̀ akẹ́rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàníyàn. Ó ní kí n kọ́ òun ní gbólóhùn kan lédè wa, kí òun má bàa jókòó bí odi. Mo kọ́ ọ: “Ìyá, ọmọ yín wà lọ́dọ̀ wa, ara rẹ̀ le.” Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ń kọ́ ọ, bó ti ń nu gíláàsì ọkọ̀, bó ti ń gun àtẹ̀gùn.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó wọ aṣọ tó dára jù, ó jókòó sórí àga wa bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Ojú ìyá mi yọ lórí fóònù. Kí ẹnikẹ́ni tó kí ẹnì kejì, ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà. Ó ṣàdúrà fún ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ṣàdúrà fún ojú rẹ̀, fún ọkọ rẹ̀, fún àwọn tí yóò ti ara rẹ̀ jáde, fún ilẹ̀ tó tẹ̀. Ó pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi tó kú, ó ní inú ọmọ náà dùn sí obìnrin yìí níbi tó wà. Nígbà tí Anti Sítíárín gbọ́ orúkọ yẹn, tó dá a mọ̀, gbogbo gbólóhùn tó kọ́ fò lọ lórí rẹ̀. “Ìyá” nìkan ló kù. Ó wá ń sọ ọ́: “Ìyá. Ìyá.” Ìyá mi ń dá a lóhùn. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ pẹ́, ọ̀kan ń ṣàdúrà, ọ̀kan ń pe ìyá, kò sì sí èyí tó ní kí n túmọ̀ fún òun.

Nígbà tí fóònù dákẹ́, Anti Sítíárín tún síkáàfù orí rẹ̀ wé. Ó bi mí ohun tí ìyá mi sọ. Mo wá ọ̀rọ̀ títí nínú èdè tó ti di tèmi náà, mi ò rí èyí tó gba gbogbo rẹ̀.

“Wọ́n ní ẹ ṣé,” ni mo wí.

“Gbogbo ìyẹn?”

“Gbogbo ìyẹn, Anti.”

Ó mi orí. Ó ní kí n bá òun pe ọmọ wá láti inú yàrá, kó wá mú òun lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn ilé ẹ̀gbọ́n òun ti há jù fún ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó báyìí.